Ṣé lásán ni ọ̀pá èéfín kẹrin orí Titanic, kí ló sì dé tí Aureol fi ní ẹyọ kan ṣoṣo?

Àkànní Ìsàlẹ̀-Èkó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun àtijọ́ máa ń dùn mọ́, mo kí yín o. Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀ nítorí pé kò sí ohun tó léfòó lórí omi tí wọn kò ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí, a kò sì tíì rí ẹni tí yóò bá wa yanjú rẹ̀.

Níbi ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn kan tí ẹgbẹ́ wa ṣe, wọ́n béèrè pé mélòó nínú ọ̀pá èéfín mẹ́rin orí Titanic ni èéfín iná tó ń mú ọkọ̀ náà rìn ń gbà jáde. Ẹni tó ní mẹ́rin kò gba nǹkan kan, ẹni tó ní mẹ́ta ló gba àmì. Olùdarí ètò ṣàlàyé pé ọ̀pá kẹrin dúró síbẹ̀ lásán, fún ẹwà ni. Bàbá Ọlọ́kọ̀ fárígá. Wọ́n ní irọ́ gbáà ni, pé kò sí oníṣòwò tí orí rẹ̀ pé tí yóò fi owó ra irin, tí yóò gbé e nàró sórí ọkọ̀ ní gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 60, tí kò sì ní í fi ṣe nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yà sí ọ̀dọ̀ tiwa. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní káàdì àwòrán ọkọ̀ Aureol lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tó ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó láyé ọjọ́un. Ara ọkọ̀ náà funfun báláú, ọ̀pá èéfín rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní ẹyọ kan yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé àwọn òyìnbó ya ọkọ̀ gidi sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi èyí tó kù díẹ̀ káàtó ránṣẹ́ sí wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ. Èkíní, kí ni ọ̀pá kẹrin yẹn ń ṣe lórí Titanic? Èkejì, ṣé òótọ́ ni pé iye ọ̀pá èéfín ni a fi ń mọ bí ọkọ̀ ṣe níyì tó, àbí nǹkan mìíràn ló mú kí Aureol ní ẹyọ kan? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ibi tí àwọn ọkọ̀ Èkó yẹn parí ayé wọn sí, inú mi yóò dùn láti gbọ́.

Agbẹ́dẹ Ẹ́ńjìnì

Ẹ kú ìbéèrè, Àkànní. Ẹ bá mi kí Bàbá Ọlọ́kọ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n jàre níbì kan: oníṣòwò kì í náwó lásán. Ohun tí owó náà rà nìkan ni a ní láti wò.

Mẹ́ta ni ìdáhùn, kò sí àní-àní. Láti rí ìdí rẹ̀, a ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé ohun tó ń jó nísàlẹ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò yọ lókè. Titanic ní bọ́ílà 29, ìyẹn àwọn àgbá irin ńláńlá tí wọ́n ń se omi nínú wọn títí yóò fi di sítíìmù, ojú ààrò tí wọ́n ń da èédú sí sì jẹ́ 159. Yàrá mẹ́fà ni wọ́n to àwọn bọ́ílà náà sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láti iwájú ọkọ̀ bọ̀ wá sí àárín. Bí ọ̀pá èéfín bá ṣe ga tó ni yóò ṣe fa afẹ́fẹ́ gba inú ààrò tó, èédú yóò sì jó geere. Gíga náà ni kì í sì í jẹ́ kí eérú bà lé orí aṣọ funfun àwọn èrò tó jókòó sí gbangba. Ọ̀pá mẹ́ta àkọ́kọ́ ló pín èéfín yàrá mẹ́fà yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kò sí bọ́ílà kankan lábẹ́ ẹ̀kẹrin. Ẹ́ńjìnì ló wà níbẹ̀, ohun tó sì ń gba inú ọ̀pá náà jáde ni ooru yàrá ẹ́ńjìnì àti èéfín ilé ìdáná. Nítorí náà, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí fèrèsé àti ihò kékeré lè ṣe ni, kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ gbé òpó irin bẹ́ẹ̀ ró.

Nígbà tí Titanic dúró ní Queenstown ní Ireland ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1912, ọ̀kan nínú àwọn tó ń da èédú gun àkàbà tó wà nínú ọ̀pá kẹrin yẹn títí dé òkè, ó sì yọ orí rẹ̀ tí eérú ti sọ di dúdú kirikiri lẹ́nu ọ̀pá náà, ó ń wo ìlú. Àwọn èrò kan tó gbójú sókè rí i, wọ́n sì gbà á sí àmì ibi. Bí ó bá jẹ́ pé iná ààrò ń gba ibẹ̀ kọjá ni, ta ni yóò gun un?

Kí wá ni owó náà rà? Ojú àwọn èrò ló rà. Ní 1897, àwọn ará Jámánì gbé ọkọ̀ Kaiser Wilhelm der Grosse jáde, òun sì ni ọkọ̀ akérò àkọ́kọ́ tó ní ọ̀pá mẹ́rin, tí wọ́n tò ní méjì-méjì. Kò pẹ́ tó fi gba ipò ọkọ̀ tó yára jù lọ lójú òkun Atlantic. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ àwọn ènìyàn lọ́kàn pé bí ọ̀pá bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó, pàápàá àwọn tálákà ilẹ̀ Yúróòpù tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń yan ọkọ̀ láti ara àwòrán tó wà lára ògiri ọ́fíìsì aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Cunard gbé Lusitania àti Mauretania jáde ní 1907 pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, White Star, tó ni Titanic, kò lè gbé ọkọ̀ ọlọ́pàá-mẹ́ta síta níwájú wọn kí àwòrán tirẹ̀ má bàa dà bí ẹni tí eyín rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n ẹ fi Mauretania wé Titanic, ẹ ó rí i pé ọ̀pá dọ́gba, iná kò dọ́gba. Mauretania ní bọ́ílà 25 àti ojú ààrò 192, èédú tó ń jẹ lójúmọ́ sì tó bíi tọ́ọ̀nù 1,000. Gbogbo sítíìmù yẹn ń lọ sínú tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí Charles Parsons ṣe, tí sítíìmù máa ń fẹ́ kọjá lára abẹ́ kéékèèké tí yóò sì máa yí i bírí láìdúró. Àkọsílẹ̀ eré tí ọkọ̀ yìí ṣe ní 1909 kò rí ẹni fọ́ ọ títí di 1929 tí Bremen ti Jámánì dé: odidi 20 ọdún. Titanic kò bá a du èyí rárá. Ẹ́ńjìnì onípísítìnnì ńláńlá méjì ló ní, tọ́báìnì kan péré ló kún un, àwọn tó kọ́ ọ sì ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìrọ̀rùn ni àwọn yóò tà, kì í ṣe eré.

Mo ti ka gbogbo ọkọ̀ akérò tó ní ọ̀pá mẹ́rin láyé yìí, wọn kò ju 14 lọ. Márùn-ún jẹ́ ti Jámánì. Cunard ní mẹ́ta, ìyẹn Lusitania, Mauretania àti Aquitania. White Star ní mẹ́ta, Olympic, Titanic àti Britannic. Faransé ní ẹyọ kan tó ń jẹ́ France. Méjì tó kù ni kí Bàbá Ọlọ́kọ̀ tẹ́tí sí dáadáa: Arundel Castle àti Windsor Castle ti ilé-iṣẹ́ Union-Castle ni wọ́n ń jẹ́, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń wá, láti Southampton sí Cape Town. Ọlọ́pàá-mẹ́rin ti wá sí Áfíríkà, nígbà náà. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé ní 1937 wọ́n tún àwọn méjèèjì ṣe, wọ́n pààrọ̀ bọ́ílà wọn, wọ́n sì yọ ọ̀pá méjì-méjì kúrò lórí wọn. Lẹ́yìn tí ọ̀pá wọn dín ní ìdajì ni wọ́n tó wá yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àṣàkẹ́ Aláwòrán

Àlàyé ẹ̀gbọ́n Agbẹ́dẹ ti pọ̀ tó, n kò ní í gùn. Ohun kan wà tí wọ́n fò nípa ọ̀pá kẹrin. Nínú yàrá tí àwọn ọkùnrin onípò kìíní ti ń mu sìgá lórí Titanic, ààrò ìyáná kan wà tí wọ́n ń dá iná èédú sí ní tòótọ́, èéfín ààrò yẹn sì ń gba inú ọ̀pá kẹrin jáde. Ìdí nìyí tí n kì í fi í bínú sí ayàwòrán tó bá fi èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹnu ọ̀pá náà. Èyí tó bá fi èéfín dúdú kíjikíji sí i bíi ti mẹ́ta ìyókù ni mo máa ń kọ̀ láti rà.

Ẹ tún kíyè sí iye tọ́ọ̀nù bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ wé ọkọ̀. Tọ́ọ̀nù 46,328 tí wọ́n máa ń kọ sí iwájú orúkọ Titanic kì í ṣe bó ṣe wúwo tó. Bí inú rẹ̀ ṣe gbòòrò tó ni, ààyè 100 tí òró, ìbú àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan-kan ni wọ́n sì ń kà sí tọ́ọ̀nù kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Aureol.

Ọmọ Wọ́ọ̀fù Àpápá

Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti Èkó, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, mo sì rò pé wọn kì í sábà rí ìyìn tó tọ́ sí wọn gbà.

Ìlú Glasgow ni wọ́n ti kan Aureol, ní ọgbà ìkànkọ̀ Alexander Stephen tó wà ní Linthouse. Ọdún 1951 ni wọ́n tì í sómi, oṣù kọkànlá ọdún náà ló sì kọ́kọ́ gbéra ní Liverpool bọ̀ ní Èkó. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 14,083, ó ń gba bíi èrò 350, ó sì ń sá eré nọ́ọ̀tì 16 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ òkun). Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Òkè Aureol ní Freetown, òkè tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay wà lórí rẹ̀ lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Àjàyí Crowther jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1827, nígbà tí kò tíì sí lórí òkè.

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá kan wà nínú lẹ́tà méjì tó máa ń ṣáájú orúkọ rẹ̀, MV. Ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́lì ni. Ẹ́ńjìnì Doxford méjì ló ń yí àjẹ̀ irin méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, inú ẹ́ńjìnì náà gan-an ni epo sì ti ń jó. Kò sí ojú ààrò 159, kò sí ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú, kò sí iná tó ń wá òpó gíga tí yóò bá a fa afẹ́fẹ́. Páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnì méjèèjì ń gbà jáde kò gba ààyè púpọ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan ni, ọ̀pá Aureol ì bá tilẹ̀ tín-ín-rín ju bí ẹ ti rí i nínú àwòrán lọ. Apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ èèpo tí wọ́n fi bo páìpù lójú kí ọkọ̀ lè jọ ọkọ̀. Elder Dempster kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dísẹ́lì nígbà náà. Accra tó jáde ní 1926 àti Apapa tó tẹ̀ lé e ní 1927 ti jẹ́ ọkọ̀ dísẹ́lì, nígbà tí Mauretania, akọni orí Atlantic, ṣì ń fi bọ́ílà se omi.

Nípa eré, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ sá eré ìlọ́po méjì, agbára tí yóò gbà lè tó ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí pé omi kì í ṣe afẹ́fẹ́, bí o bá ṣe ń kánjú tó ni yóò ṣe máa tì ọ́ padà tó. Owó yẹn ń wọlé padà lójú ọ̀nà New York, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ti ń wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ní láti yà púpọ̀. Ọ̀nà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Liverpool, ọkọ̀ á yà sí Las Palmas, á yà sí Freetown, á yà sí Takoradi, kó tó dé Èkó. Á já èrò, á já ẹrù, á gba lẹ́tà. Kí ni ọkọ̀ fẹ́ fi nọ́ọ̀tì 25 ṣe tó bá jẹ́ pé èbúté mìíràn ń dúró dè é níwájú?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrìn àjò yẹn ṣe gùn tó, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ lọ sí Ìlú Ọba ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1949 ni wọ́n wọ ọkọ̀ Apapa ní Èkó, ọjọ́ 29 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool. Teslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà nínú wọn. Láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n lu ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ní àmì ayò márùn-ún sí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ bàtà. Mo máa ń rò ó pé níbo ni wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ fún ọjọ́ 13 lórí ọkọ̀ tí bọ́ọ̀lù á fò sínú òkun bí wọ́n bá gbá a gbóná díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èbúté pẹ̀lú wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta tó dá omi dúró ní ẹnu òkun Èkó ní 1908, yanrìn tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ojú agbami ni wọ́n ti ń já èrò. Wọ́n á gbé wọn jókòó sínú àpótí onígi kan tó dà bí àga tí wọ́n dojú wọn kọra, kérénì á gbé e sókè, á yí i kọjá etí ọkọ̀, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé lọ gbé bọ̀ nísàlẹ̀. Ní Accra, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ṣí èbúté Tema ní 1962. Ọlọ́pàá-mẹ́rin tó tó tọ́ọ̀nù 46,000 ì bá dé ibẹ̀ lásán ni.

Nítorí náà, n kò gbà pé ọkọ̀ tó kù díẹ̀ káàtó ni. Ọkọ̀ tó bá ọ̀nà rẹ̀ mu ni. Bí Bàbá Ọlọ́kọ̀ bá ń wá ibi tí ìyànjẹ wà, kí wọ́n fi ọ̀pá èéfín sílẹ̀, kí wọ́n wo ìwé owó oṣù. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n gbà ní Èkó àti Freetown ń gba owó tó kéré sí ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ní 1959, ìjà àwọn atukọ̀ Nàìjíríà lórí Apapa le débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n parí sí. Orúkọ Apapa jẹ́ ti ọkọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ti 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í nítòsí erékùṣù Anglesey ní oṣù kọkànlá ọdún 1917, ènìyàn 77 sì kú. Èkejì, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú ní oṣù kọkànlá ọdún 1940. Accra àtijọ́ ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù keje ọdún yẹn. Abosso ló burú jù nínú wọn: oṣù kẹwàá ọdún 1942 ni ọkọ̀ abẹ́ omi rì í lójú agbami, ẹni 362 ló bá a lọ. Apapa kẹta, èyí tó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù, parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1968, wọ́n tà á sí Hong Kong, ó di Taipooshan. Accra tuntun ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé irin ní 1967. Ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì ti gba èrò wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ 13 ṣe ti di ti wákàtí díẹ̀.

Aureol nìkan ló kù. Oṣù kẹta ọdún 1972 ló kúrò ní Liverpool fún ìgbà ìkẹyìn, ìyẹn ló sì fòpin sí ọkọ̀ òkun akérò tó ń ná ọ̀nà jíjìn déédéé láti ìlú náà. Ó fi Southampton ṣe ibùdó fún ọdún méjì sí i, wọ́n sì dá a dúró ní 1974. Àwọn ará Gíríìkì ló rà á, wọ́n sọ ọ́ ní Marianna VI, wọ́n sì lọ so ó mọ́ èbúté ní ilẹ̀ Saudi Arabia, ó di ilé gbígbé fún àwọn òṣìṣẹ́.  Ọdún 2001 ni wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Alang ní ilẹ̀ Íńdíà.

Àkànní Ìsàlẹ̀-Èkó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Ọlọ́kọ̀ létí. Wọ́n ti gbà lórí Titanic, èyí tó dé ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù sì mú wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ti rí nǹkan mìíràn gbá mú. Wọ́n ní bí dísẹ́lì bá fi ọ̀pá kan parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ dísẹ́lì kan ní Ìlú Ọba fi ní méjì? Wọ́n sì ní kí n bi Agbẹ́dẹ bóyá lẹ́yìn Titanic ẹnikẹ́ni tún gbé ọ̀pá òfìfo ró.

Agbẹ́dẹ Ẹ́ńjìnì

Bàbá kì í gbà bọ̀rọ̀! Ọkọ̀ Britannic ti White Star ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe arábìnrin Titanic o, èyí tó jáde ní 1930 ni. Ọkọ̀ dísẹ́lì ni lóòótọ́, ọ̀pá kúkúrú méjì ló ní, ti iwájú sì jẹ́ òfìfo. Ọ̀pá òfìfo kò kú pẹ̀lú Titanic.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Normandie, tí àwọn Faransé gbé jáde ní 1935. Ọ̀pá mẹ́ta ló ní, ti iwájú ga jù, ti ẹ̀yìn kéré jù, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ojú lè máa rí i pé ọkọ̀ náà ń sáré nígbà tó bá dúró pàápàá. Ọ̀pá kẹta kò gbé èéfín bọ́ílà kankan. Ilé ajá ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀! Ajá àwọn olówó ń sùn nínú ọ̀pá èéfín láti Le Havre títí dé New York. Ọgbọ́n tó wà lára méjì tó kù ló tilẹ̀ jù fún mi. Níbi gbogbo, páìpù èéfín máa ń gba àárín gbọ̀ngàn ọkọ̀ kọjá gòkè, ó sì máa ń gé yàrá ńláńlá sí méjì. Ní Normandie, wọ́n la páìpù náà sí méjì nísàlẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ gbé e gòkè, wọ́n sì tún so ó pọ̀ lókè pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè dúró ní ìkangun yàrá ìgbafẹ́ kí ó sì rí ìkangun kejì láìsí ohun tó dí i lójú. Ẹ gbọ́ bó ṣe parí: oṣù kejì ọdún 1942, iná sọ lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní New York láti fi kó ọmọ ogun, omi tí àwọn panápaná sì dà sí i lára pọ̀ débi pé ó dojú dé síbi tí wọ́n so ó mọ́.

Ọ̀pá mẹ́ta ni Queen Mary tí wọ́n ń bá a díje ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní ti èyí, ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Long Beach ní California ní 1967 ló yani lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ yọ bọ́ílà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ gbé ọ̀pá kúrò. Irin àwọn ọ̀pá náà ti jẹrà, ọ̀dà tí wọ́n ti ń kùn lé ara wọn láti 1936 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tó di wọ́n mú, wọ́n sì fọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pá tí ẹ ń rí lórí rẹ̀ lónìí jẹ́ àfarawé tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Ẹ sọ fún Bàbá pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di òfìfo báyìí.

Àṣàkẹ́ Aláwòrán

Bí Bàbá Ọlọ́kọ̀ bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Japan, kí wọ́n ní kó lọ sí etíkun Yokohama, ibẹ̀ ni Hikawa Maru wà. Ọdún 1930 ni wọ́n kàn án, ó sì ná ọ̀nà Yokohama sí Seattle títí di 1960. Ọkọ̀ dísẹ́lì ni, ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní, tọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jẹ́ 11,622, tí kò jìnnà sí ti Apapa tó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù. Nínú àwọn tó ṣẹ́kù láyé, n kò mọ èyí tó sún mọ́ àwọn ọkọ̀ Èkó yẹn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì gbà kí àlejò sọ̀kalẹ̀ dé yàrá ẹ́ńjìnì. Kí ẹni tó bá lọ má wulẹ̀ ya àwòrán ọ̀pá nìkan o, kó ya ti ẹ́ńjìnì wá fún wa pẹ̀lú.